Mo Sọ Pé Ọkùnrin Wà Nílé

Peckham, London
Ọjọ́ Àìkú

Àmínát ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, àlàáfíà fún Àmírà ọmọ-ọmọ mi. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera, kí òtútù ìgbèríko Georgia má ṣe tó ti Peckham níbí. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà kì í yá ọ. Rọra kà á. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, màá tún purọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ilé tó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Èmi ni mo bà á jẹ́. Kì í ṣe Abdulqoyyum.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ, o gbé Àmírà lọ sílé ìwé, o gbàgbé fóònù sórí tábìlì. Ó dún, mo gbé e. Obìnrin kan ni, ó ní láti ibi tó o ti fẹ́ yá owó ra ilé ni òun ti ń pè. Ó béèrè bóyá ìwọ àti ọmọ rẹ nìkan lẹ ń gbé inú ilé. Ohùn rẹ̀ dùn, síbẹ̀ àyà mi já. Mo ní rárá o, ọkùnrin wà nílé, ọmọ mi Abdulqoyyum ń bá ọ gbé, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ló ń wà, owó gidi ló sì ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ọmọ àbúrò mi ni, Atlanta ló ń gbé, oúnjẹ ló ń wá jẹ lọ́dọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

O mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Kí kánsù àdúgbò tó wó àwọn ilé North Peckham àtijọ́, èmi àti ìwọ nìkan la wà lókè lọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn, ohun tí mò ń sọ ni pé ọkọ mi ń sùn, tàbí pé àbúrò mi ọkùnrin ń wẹ̀. Mo gbé bàtà ọkùnrin kan tí ẹnì kankan ò wọ̀ rí sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo àwa obìnrin tá a dá tọ́ ọmọ nígbà yẹn la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, níbi tí màlúù pọ̀ ju ènìyàn lọ, mo tún sọ ọ́.

Mi ò mọ̀ pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ jù ni ìjọba ń ṣe onídùúró fún láti yá owó ra ilé ní ìgbèríko, àti pé owó gbogbo àgbàlagbà inú ilé ni wọ́n ń kà pọ̀. Ìwọ lo ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, tẹkúntẹkún. Wọ́n ní kí Abdulqoyyum mú ìwé wá pé kò bá ọ gbé. Yàrá àwọn ọ̀rẹ́ ló ń sùn sí, kò sí ìwé kankan lórúkọ rẹ̀. Kó tó rí nǹkan mú wá, ẹni tó ni ilé ti tà á fún ẹlòmíì. O ní Abdulqoyyum ló fi àdírẹ́sì rẹ ṣe nǹkan kan lẹ́yìn rẹ, o ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ mọ́. Mo jókòó níbẹ̀, mò ń bẹ iṣu. Mo ní Ọlọ́run á pèsè òmíràn. Mo sì wọ ọkọ̀ òfuurufú padà wálé.

Àmínát, Abdulqoyyum wà ní kíṣìnì lọ́jọ́ tí mo gbé fóònù yẹn. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Nígbà tó ò ń pariwo mọ́ ọn, ó wo ojú mi, ó wolẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Àǹtí Àmínát.” Títí dòní kò sọ ọ́ síta. Ó pè mí ní Jímọ̀ tó kọjá, ó béèrè orúnkún mi, ó béèrè rẹ. Ó fẹ́ gbéyàwó, kò sì mọ̀ bóyá òun lè sọ fún ọ. Ojú tì mí débi pé mo ní iná ń jó ọbẹ̀ mi, mo pa fóònù.

Mo gbọ́ pé o ti rí ilé mìíràn ládùúgbò yẹn, pé o fẹ́ tún ìwé kọ. Mo lọ bá lọ́yà kan ní Rye Lane, mo búra pé irọ́ ni mo pa, pé ìwọ àti Àmírà nìkan lẹ ń gbé ibẹ̀. Ìwé náà wà nínú àpòòwé yìí. Kó o fún àwọn tó fẹ́ yá ọ lówó.

Bínú sí mi bó o ṣe fẹ́, ó tọ́ sí mi. Kí Ọlọ́run fi ilé tìrẹ jíǹkí rẹ, kí Àmírà dàgbà sínú rẹ̀, kí ìwọ má ṣe rí ohun tí yóò mú ọ purọ́ fún ọmọ tìrẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Mìsítúrà

Mo tún rántí: bó o bá kà á tán, má kọ́kọ́ pe èmi. Abdulqoyyum ni kó o pè. Yóò sọ fún ọ pé òun ò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Má gbà á gbọ́.