Kí Ló Dí Ọmọ Mi Lẹ́nu?

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Adájọ́ — ìyá ọkọ mi — gé ojú ewé ìwé ìròyìn kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. "Ìwádìí: Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi Kì í Tètè Sọ̀rọ̀." Wọ́n ní ohun tó ń ṣe ọmọ mi nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ni mo máa ń pè é; ó ti lé lọ́dún méjì, kò tíì pe "màmá".

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Àwọn olùwádìí fúnra wọn ní àwọn rí méjèèjì pa pọ̀ ni, àwọn ò mọ èyí tó fa èkejì. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́ — ṣé àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́? Bóyá ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ ló ń sáré mú un lọ síbẹ̀, kó lè rẹ́gbẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ohun témi gan-an ṣe nìyẹn! Mo sọ ọ́ fún Adájọ́. Wọ́n ní, "Ẹnu ẹ dùn. Ò bá fi díẹ̀ ta ọmọ ẹ lọ́rẹ."

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Baba Ọmọ ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí n máa tọ́jú ọmọ nílé, kí àlàáfíà lè jọba. Àlàáfíà ta?

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹlòmíràn ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 20
Yàrá, ilé ìdáná, yàrá. Fèrèsé dojú kọ ògiri. Mò ń pe "bọ́ọ̀lù, ṣíbí, bàtà" títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ọ̀rẹ́ mi kàn ń wo ẹnu mi.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25
Ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbàgà! Adájọ́ fò sókè lórí àga. Ọ̀rẹ́ mi wà lórí tìmùtìmù, ó kẹ̀yìn sí wa — kò tilẹ̀ yíjú.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹrin
Dókítà elétí ti yẹ̀ ẹ́ wò. Etí Ọ̀rẹ́ mi ò gbọ́ràn. Àtinú oyún ni. Jẹ́lé-ó-sinmi ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n á fi ẹ̀rọ sí i létí, á sì kọ́ ọ̀rọ̀. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń bọ̀, mo ti ń ro bí màá ṣe bẹ ọ̀gá kí n lè padà síbi iṣẹ́.

A sọ fún Adájọ́. Wọ́n wá ní, "Àtinú oyún? Kí lo wá ń ṣe nígbà tó o lóyún ẹ̀?"

Baba Ọmọ yíjú sí mi. Òun náà ń retí ìdáhùn.