Pọ́ǹpù Kẹ̀kẹ́ Tí A Fi Ọjọ́ Orí Pín

Ojúlé Kejìlá,
Òkè Ikpoba,
Ìlú Benin,
Ìpínlẹ̀ Bendel.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹta, 1984.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Eré Kẹ̀kẹ́,
Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ Ọmọ Yorùbá,
Gbọ̀ngán Ẹgbẹ́, ẹ̀bá Ọjà Ọba,
Ìlú Benin.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ ORÚKỌ OLÚFÚNKẸ́ ỌLÁOYÈ PADÀ SÍNÚ ÀWỌN TÍ YÓÒ GUN KẸ̀KẸ́ FÚN ẸGBẸ́, ÀTI Ẹ̀SÙN LÓRÍ BÍ A ṢE PÍN PỌ́ǸPÙ

1. Èmi ni ìyá Olúfúnkẹ́ Ọláoyè, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ó ṣe ipò kejì nínú eré kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọbìnrin ní Sátidé, ọjọ́ kẹta oṣù yìí, tí ẹ sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí ó tó délé wẹ ẹsẹ̀. Akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ ni mí. Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú nílé. Orí ìjókòó ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, orí ìdúró ni mo ti ń parí rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni ẹ máa fi orúkọ ọmọ méjì ránṣẹ́ sí ìdíje ti ìpínlẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, kò sí ohun tí ìwé mi tún lè ṣe mọ́.

2. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí ọmọ náà lọ́rùn kò gùn. Ọ̀gbẹ́ni Sùlè, tí wọ́n darí eré fún yín, sọ pé ó já pọ́ǹpù gbà lọ́wọ́ Títíloyè Èṣùbíyì, tí ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, àti pé ọwọ́ òsì ni ó fi gbà á. Wọ́n ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣojú ẹgbẹ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ó yẹ kí ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀yin ọ̀gá. Orí tábìlì yín ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

3. Òfin eré náà ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé pọ́ǹpù ọwọ́ tí ìgbìmọ̀ bá fún un sára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ kí fọkanáísà tàbí ẹni tó ń wòran bá a fẹ́ táyà. Òfin tó dára ni. Ẹni tí ẹ rán lọ sí Ọjà Ọba náà mọ ohun tí ó ń ṣe, nítorí oríṣi méjì ni ó rà bọ̀. Márùn-ún jẹ́ onírin gígùn, tí ó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń yí mọ́ ẹnu táyà kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo jẹ́ oníke kúkúrú, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí kò lè di ẹnu táyà mú àfi kí ó nípọn bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Títíloyè nìkan ni ó ní irú táyà bẹ́ẹ̀, lórí kẹ̀kẹ́ tí àbúrò bàbá rẹ̀ gbé wá láti òkè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ yan pọ́ǹpù, ẹnu táyà rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò. A kì í fi gígùn yàn án, a kì í sì í fi dídán yàn án.

4. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di àsìkò pípín, Ọ̀gbẹ́ni Sùlè to àwọn ọmọbìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí wọ́n ṣe dàgbà sí, wọ́n ní àgbà ni yóò kọ́kọ́ mú, bí ẹni tó ń pín ẹran ìkómọ. Títíloyè ló dàgbà jù, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ Yorùbá wo ni a máa pè síwájú pé òun ni àgbà, lójú bàbá àti ìyá gbogbo, tí yóò fi èyí tó gùn sílẹ̀ tí yóò nawọ́ mú kúkúrú? Wọ́n á ní kí ló ń ṣe é. Ó mú onírin gígùn. Àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ lé e náà mú gígùn. Olúfúnkẹ́ ló kéré jù, oníke tí a rà nítorí Títíloyè ni ó kù fún un.

5. Ọmọ mi sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Sùlè pé ẹnu pọ́ǹpù náà kò ní di táyà òun mú. Wọ́n dá a lóhùn pé pọ́ǹpù ni pọ́ǹpù ń jẹ́, àti pé ọmọdé kì í ṣa ẹran lójú àgbà. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó sì dúpẹ́. Mo wà níbẹ̀. Benin ni a bí ọmọ yìí sí, ẹ̀yin ọ̀gá. Bí mo bá fi Yorùbá pè é nínú ilé mi, pidgin ni ó fi ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà ó kúnlẹ̀ fún àgbà láìjẹ́ pé mo ṣẹ́jú sí i. Inú mi dùn débi pé n kò ronú kan pọ́ǹpù rárá.

6. Ní ìgbà tí wọ́n ń gun òkè lẹ́yìn afárá odò Ikpoba, táyà ẹ̀yìn Olúfúnkẹ́ lọ sílẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ti pọ́ǹpù oníke náà bọ ẹnu táyà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Títíloyè tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá a níbẹ̀, ó sì dúró. Ohun tí ọmọ mi sọ fún un nìyí, bí àwọn méjèèjì ṣe sọ ọ́ fún mi: “Títí, abeg, bring your own, make I give you my own.” Pàṣípààrọ̀ ni ó bẹ̀bẹ̀ fún. Títíloyè fún un ní gígùn, ó gba kúkúrú tí ó bá táyà tirẹ̀ mu. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ ọ̀tún ni Olúfúnkẹ́ fi di kẹ̀kẹ́ mú kí ó má baà yí padà sí ìsàlẹ̀ òkè, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni ó nà. Ẹni tó bá ti gun òkè yẹn rí mọ ohun tí mo ń wí.

7. Ìdí afárá nísàlẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Sùlè dúró sí. Láti ibẹ̀ wọ́n lè rí ọwọ́, wọn kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọn kò bi ọmọ mi, wọn kò sì bi Títíloyè. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n máa ń wí. Èyí tí wọ́n dá yìí, ẹjọ́ ẹnì kan pàápàá kò sí nínú rẹ̀.

8. Títíloyè ni ó ṣe ipò kẹta, òun ni ẹ sì fi sí ipò ọmọ mi. Bí ó bá pa ẹnu mọ́, èrè tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó wá sí ilé mi fúnra rẹ̀, ó ní òun fi tìfẹ́tìfẹ́ fún Fúnkẹ́ ni pọ́ǹpù, àti pé bó bá jẹ́ táyà tòun ló lọ sílẹ̀, òun kì bá tí délé. Ó ti sọ fún bàbá rẹ̀. Wọ́n gbà kí ó wá sọ ọ́ lójú yín nígbàkigbà tí ẹ bá pè é.

9. N kò lè fi ara balẹ̀. Ní ibi iṣẹ́ lánàá, akẹgbẹ́ mi kan bi mí bóyá àlejò ni mò ń retí, nítorí mo ń dìde lọ wo ojú fèrèsé ṣáá. Kò sí ẹni tí mò ń retí. Ọmọ náà kò bínú, kò sunkún, ìbá sàn fún mi kí ó sunkún. Ó dojú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ délẹ̀ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa na ọsàn sí i. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ojú tì mí. Nígbà tí a délé tí mo bi í, ó fi pidgin sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni òun fi gba èyí tí kò ṣiṣẹ́, ọwọ́ òsì ni òun fi gba èyí tí ó ṣiṣẹ́, ọwọ́ wo ni kí òun wá máa nà báyìí?

10. Nítorí náà mo bẹ̀ yín pé kí ẹ pe àwọn ọmọ méjèèjì pọ̀ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn, kí ẹ sì dá orúkọ Olúfúnkẹ́ padà sí ipò tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbà. Mo sì bẹ̀ yín pé láti ìsinsìnyí lọ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé iwájú tábìlì kí ó tó yan pọ́ǹpù. Bí ó bá di ti ẹran, ẹ máa fi ọjọ́ orí pín in lọ, ẹnikẹ́ni kò ní bá yín wí.

11. Bí ìgbìmọ̀ bá wá pinnu pé kí ọ̀rọ̀ náà wà bí ó ṣe wà, ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀kan nínú yín wá sí ilé wa kí ó sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀. Ẹ má fi rán mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni mo ti kọ́ ọ, ó sì ṣe é lójú gbogbo yín. Bí ó bá ku èyí tí n kò mọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ wá kọ́ ọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì wà lórí ìdúró,

Ọmọ́ṣaléwá Ọláoyè (Ìyáàfin),
Ìyá Olúfúnkẹ́, ọmọ ẹgbẹ́.