Ọṣẹ Tó Gba Mẹ́wàá Nínú Mẹ́rìnlá

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé oyún náà kò fún ọ ní wàhálà jù? Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àwa náà wà, a dúpẹ́, ara ń ro mí, ẹ̀yìn ń dun bàbá yín, òrùlé sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi láti máa gbé kiri nínú. Nígbà tí o wá kí wa, tí o rì bébà tíńtín tí ẹ fi ń dán ìpara wò níbi iṣẹ́ yín bọ omi ọṣẹ mi, tí o ní ó gba mẹ́wàá nínú mẹ́rìnlá, inú mi dùn, mo sáré sọ fún bàbá yín pé a yege. Àfi bí o ṣe ní máàkì náà ti pọ̀ jù, pé ìpara yín gba márùn-ún àbọ̀, òun ló sì bá awọ ara mu. Ọmọ mi, irú ilé ìwé wo nìyẹn? Nígbà tí ìwọ gba márùn-ún nínú ìṣirò, ṣé a jó ni? O ní awọ ènìyàn fúnra rẹ̀ kan díẹ̀, pé bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i ni máàkì rẹ̀ ń dín kù. Mo lá apá mi, iyọ̀ ni mo tọ́ wò. Mo ní kí bàbá yín jẹ́ kí n lá tiwọn, wọ́n ní ṣé ebi ń pa mí tó bẹ́ẹ̀ ni.

O tún ní sódà tí mo fi ń se ọṣẹ, tó ti ń jó mi lọ́wọ́ láti ìgbà ọmọge mi, wà nínú ìpara yín. O ní ẹ̀kán díẹ̀ ni, pé bí ìpara bá kan jù ẹ ó kán sódà sí i, bí kò bá kan tó ẹ ó fi nǹkan kíkan bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ ó máa fi bébà wò ó, àti pé tí ó bá ti pò pọ̀ bó ṣe yẹ, sódà náà kò lágbára láti jó ẹnikẹ́ni mọ́. Mo gbọ́. Ni mo bá rò ó pé bí ọ̀gá yín bá lè fi ọsàn dín máàkì kù, èmi náà lè dín tèmi. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú odindi ìkòkò ọṣẹ, mo ń fún un, mo ń rò ó. Ọṣẹ yapa mọ́ mi lójú: epo léfòó, omi wà nísàlẹ̀. Ọsàn wọ gbogbo ibi tó sán lọ́wọ́ mi, mo kígbe. Bàbá yín ní àwọn kò rí ẹni tó fi ọṣẹ se epo rí. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo jókòó, mo sunkún. Ìgbà yẹn ni o ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ lórí fóònù pé ọṣẹ kì í ṣe ìpara, pé ọṣẹ tó bá gba márùn-ún kì í ṣe ọṣẹ mọ́.

Lórí fóònù kan náà ni o ti ní kí n má mú ọṣẹ mi bọ̀ tí mo bá ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, nítorí yóò gbẹ ẹ́ lára. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọṣẹ yẹn ni mo fi wẹ̀ yín, ọṣẹ yẹn náà ló rán ọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí o ti kọ́ pé kò dára.

Ṣùgbọ́n mo ti ń fi ìpara tí o fi sílẹ̀ fún mi pa ọwọ́. Kò jó mi lóòótọ́, ibi tó sán sì ti ń jiná. Àtẹ́lẹwọ́ ló ṣì le. Lánàá mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kékeré aránṣọ àdúgbò wa, ọmọ náà yí ojú kúrò, mi ò sì lè jẹun alẹ́.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti ìpara mìíràn, bàbá yín ti fi ìdajì eléyìí pa àtẹ́lẹsẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ìwọ náà yóò fi ọwọ́ ara rẹ wẹ ọmọ ọmọ rẹ.

Mi ò ní mú ọṣẹ bọ̀, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń se é yìí, òun nìkan ni mo ní tí mo lè fi gbé ọmọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń retí èsì.