Ọkọ Mi àti Joy Nínú Òkun Pupa

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Ijapo Ẹ́sítéètì,
                                        Àkúrẹ́.
                                        Ogúnjọ́, Oṣù Kẹta, 2025.

Àǹtí Wúrà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú òjò àkọ́rọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Bọ̀ọ̀dá wa ńkọ́, àti Kìtán tó ń múra ìdánwò? Mo bá yín dúpẹ́ pé ẹ wà láàyè. Ní tiwa níhìn-ín, ara le. Bùkúnmi ń jẹun, ó ń ṣeré, ọkàn èmi ìyá rẹ̀ ni kò balẹ̀. Lẹ́tà ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé Bùkúnmi kì í fi fóònù mi sílẹ̀, ọmọ náà sì ti mọ̀wé kà jù. Sherifat, aládùúgbò wa tó ń ná ọjà Oǹdó, ni yóò fi lé yín lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tí ẹ pè mí sọ lọ́jọ́ Ajé, pé ẹ rí Gbémiga ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, tó wọ agbádá, tó ń jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú obìnrin kan tí ẹ ò mọ̀ rí, kò bá mi lójijì. Mo ti ń fura tipẹ́. Ó sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ rí i pé ìpàdé àwọn olùkọ́ ni òun ń lọ. Ìpàdé wo ni wọ́n ń fi agbádá ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi? Èmi òmùgọ̀ ni mo sì fi ọwọ́ ara mi lọ agbádá ọ̀hún!

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹja ni Gbémiga ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa rẹ̀ níbí. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ láti ìgbà tó ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí lábẹ́ omi ní Gánà, mi ò mọ ohun tó kọ lù ú mọ́. Ọmọ àgbẹ̀ Ipogun, tí kò fojú kan òkun títí ó fi parí girama! Lóṣù tó kọjá, òun àti àwọn kan kó ara wọn jọ, wọ́n gba Íjíbítì lọ, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi kan. Inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń jẹ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn, fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á bẹ́ sómi, wọ́n á máa ya ẹja ní fọ́tò. Mo bi í pé òkun wo. Ó ní Òkun Pupa. Mo ní ṣé èyí tí Fáráò wọ̀ tí kò jáde? Ó rẹ́rìn-ín.

Mo tún bi í pé ta ni yóò máa ṣọ́ ọ nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ó ní méjì-méjì ni wọ́n ń wọ omi, pé ẹnìkan kì í dá lọ, ẹni tí wọ́n bá so èèyàn pọ̀ mọ́ ni kò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀. Mo ní ta ni wọ́n so ọ́ pọ̀ mọ́? Ó ní Joy. Àǹtí, kò sọ Arábìnrin Joy, kò sọ Joy ọmọ lágbájá. Joy ṣáá! Lẹ́yìn tí mo wádìí ni mo mọ̀ pé Oǹdó yín níbẹ̀ ló ti ń ta oògùn, kò sì tíì lọ́kọ.

Nígbà tó dé, kì í ṣe ẹni tó lọ ló padà. Kò jẹ́ kí n ti fèrèsé yàrá wa mọ́, ẹ̀fọn ń fi wá jẹun. Ó lè jókòó kó máa wo Bùkúnmi títí omi yóò fi lé sí i lójú. Ó ra léèsì fún mi, n kò tọrọ. Ẹ̀yin náà lọ́kọ, ọkọ wo ló ń ṣàdédé ra léèsì? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Bí ẹ ṣe pè mí tán lọ́jọ́ Ajé, mo ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹja ni mo kọ́kọ́ ń rí, abilà, aláwọ̀ erùpẹ̀, èyí tó wú bí bọ́ọ̀lù. Àfìgbà tí mo kan fídíò tí Johnson, ọ̀kan nínú wọn, yà. Gbémiga àti Joy kọjú síra wọn nínú omi. Joy yọ ohun tó fi ń mí kúrò lẹ́nu ara rẹ̀, ó kì í bọ ẹnu ọkọ mi. Ẹnu ara rẹ̀! Èmi tó fẹ́ níṣu lọ́kà, a ò jọ lo búrọ́ọ̀ṣì kan náà rí. Wọ́n wá di ara wọn lápá mú, ojú wo ojú, wọ́n ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ dé ilé. Mo wò ó, mo tún un wò.

Mo wá nọ́ńbà Joy, mo pè é. Háà, mo bú u! Mo pè é ní afọ́lé-onílé. Kò bú mi padà. Ó kàn ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ bi ọkọ yín ìdí tí wọ́n fi wá ṣe ìdúpẹ́. Mo ti ní kí wọ́n sọ fún yín." Ìdúpẹ́ kẹ̀? Ẹnu tó fi sọ ọ́ tún bí mi nínú.

Bí Gbémiga ṣe wọlé, mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní ẹja kan ni òun ń lé kí òun lè yà á dáadáa, òun gbàgbé láti wo aago tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù. Ó fa afẹ́fẹ́, nǹkan kan ò wá. Joy ló rí i, ló bọ́ tẹnu rẹ̀ fún un, tó fi òmíràn tó so mọ́ra sẹ́nu ara rẹ̀, tí wọ́n fi jọ gòkè. Ó ní bí Joy bá ti gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ́nrẹ́n, opó ni ǹ bá jẹ́ báyìí.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yé mi. Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú kì í jókòó sílé wa, ó gbọ́dọ̀ jó lọ síwájú Olúwa. Àmọ́ tó bá ṣe é n'Ísìkan, níbi tí a ti ń jọ́sìn, àlùfáà á ní kó jẹ́rìí, èmi náà á sì gbọ́, mi ò ní jẹ́ kó wọ òkun mọ́. Ló bá gbé ọpẹ́ rẹ̀ sá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Joy l'Óǹdó. Kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀yin náà ń lọ láti ìgbà tí ẹ ti kó lọ sílé tuntun. Ẹ̀yin sì rèé, àṣà yín ni kí ẹ máa pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n kéde, ijó nìkan ni ẹ rí!

Mo sunkún, Àǹtí. Mo lù ú láyà, mo tún dì mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Joy. Èmi fúnra mi ń bọ̀ wá kúnlẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ìfura mi ò tíì tán. Mo ní kó ṣèlérí pé kò ní wọ òkun mọ́. Ó ní òun ti gbọ́, ó ń nu kámẹ́rà rẹ̀ lọ. Ṣé gbígbọ́ ni mo bi í? Lánàá, mo gbọ́ tó ń bi Johnson lórí fóònù pé oṣù wo ni omi ibẹ̀ máa ń tòrò jù. Ẹ bá mi wádìí lọ́wọ́ Joy bóyá wọ́n tún ti ń gbèrò. Nígbà tí mo rò pé obìnrin ni, mo mọ ilé tí mo lè lọ bá a jà. Òkun ńkọ́, Àǹtí? Ilẹ̀kùn ta ni n ó kàn?

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ fún Kìtán pé Olúwa yóò ṣí i lórí. Bùkúnmi ní kí n kí Àǹtí òun àgbà.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó ṣì ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀,
                                        Fọláhànmí.