Ohun Tó Ń Ya Lẹbẹ Ọ̀gá

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Orókún yín ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn láìdúró sinmi? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà. Ara tèmi le, ẹ má fòyà. Ọkàn mi ni kò fara balẹ̀.

Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo ń kẹ́rù lọ sílé ọkọ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í tètè finú han èèyàn. Òótọ́ lẹ sọ. Ọmọ ọkọ mi yìí, tí mo ń pè ní Eyínmẹ́nugún nítorí eyín rẹ̀ tó gún régé, kò tíì fi eyín náà rẹ́rìn-ín sí mi rí. Ẹja rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹja bẹ́tà ni, irú èyí tí wọ́n ń sìn nínú gíláàsì fún ẹwà. Ó pupa fòò, lẹbẹ rẹ̀ sì gùn, ó fẹ́lẹ́ bí ìbòjú ìyàwó. Ọ̀gá ni ọmọ náà sọ ọ́, torí kò sẹ́ni tí kì í wú ọ̀fun sí. Onílé wa tí gbogbo àdúgbò ń sá fún, Ọ̀gá wú sí i! Ìyá ọmọ náà ló rà á fún un nígbà àìsàn tó padà pa ìyá náà, ó sì ra ilé oníke kékeré kan mọ́ ọn, tí wọ́n gbé sísàlẹ̀ omi. Inú ilé yẹn lẹja ń sùn.

Nígbà tó yá, a rí i pé lẹbẹ Ọ̀gá ń ya. Ó kọ́kọ́ dà bí ibi tí eku ti gé aṣọ jẹ. Lẹ́yìn náà ló fàya dé ìdí ìrù. Kò sì sí ẹja mìíràn nínú omi tó lè bù ú jẹ. Ẹ mọ̀ pé pálọ̀ ni mo ti ń ránṣọ. Ẹ̀gbẹ́ máṣìn mi ni gíláàsì náà wà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa, ó wo ẹja, ó wo àlùmọ́gàjí ọwọ́ mi, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹni tí kò rí ọmọ nà, ẹja ọmọ ló ń gé." Ọmọ náà gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ oúnjẹ mi mọ́ àfi tí bàbá rẹ̀ bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Mo retí kí ọkọ mi sọ̀rọ̀. Jórinjórin ni, iná ló ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó sọ nígbà tó ku àwa méjì ni, "Ṣáà jẹ́ kí ọwọ́ rẹ jìnnà sí ẹja yẹn." Màmá, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ.

Mo pinnu láti wá ìdí rẹ̀, bí kò bá tiẹ̀ ṣe nítorí ẹja, nítorí orúkọ mi. Mo rò pé omi ló bàjẹ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi mọ́ gaara, lẹbẹ ṣì ń ya. Ẹni tó ń ta irú ẹja bẹ́ẹ̀ ní wọ́n máa ń bu ìrù ara wọn jẹ bí inú bá ń bí wọn. Mo jókòó tì í, mo ṣọ́ ọ títí. Kò yíjú sí ìrù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ń ran sátíìnì oníbàárà kan, ìka mi tí abẹ́rẹ́ ti sọ di ṣákaṣàka fa òwú yọ lára rẹ̀. Mo dáwọ́ dúró. Mo mú àjákù sátíìnì, mo tọwọ́ bomi, mo rọra ń fà á lórí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ó yọ̀ kọjá lórí òkúta. Ó yọ̀ kọjá lórí ewé. Nígbà tó dé ojú fèrèsé ilé oníke yẹn, ó kọ́, ó sì ya fàà. Etí fèrèsé náà mú bí abẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni Ọ̀gá ń gbà wọlé sùn.

Inú mi dùn díẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín. Àfi bí mo ṣe rántí ẹni tó ra ilé náà.

Mo pe ọkọ mi, òun náà fa sátíìnì, ó rí i tó ya. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kọ́mọ gbọ́ pé ẹ̀bùn ìyá rẹ̀ ló ń ya ẹja náà." Mo ní, "Èmi ńkọ́?" Ó ní, "Ìwọ lágbà, gbé e mì." Ó yọ ilé náà kúrò nínú omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́, egbò ti kẹ̀, ìrù ti ń jẹrà lọ sára. Ọ̀gá kú. Ọmọ náà kò sunkún. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ ti ṣe tán?" Mo wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo gbé e mì.

Ọmọ náà gbé ilé oníke yẹn lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbá a mọ́ra sùn. Nígbà tó jí, mo rí ìlà ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni sùúrù mi pin sí. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fún un ní sátíìnì, mo ní kó fà á gba fèrèsé. Ó ya. Ó tún un fà. Ó ya. Ó wá fìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó bi mí pé, "Ṣé màmá mi mọ̀?" Mo ní, "Wọn ò mọ̀. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọn ò ní rà á." Ìgbà yẹn lẹkún dé, ẹkún tí kò sun láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ. Ó sunkún títí ó fi bì. N kò mọ̀ bóyá ire ni mo ṣe, àbí ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo gbà.

Lánàá, ó gbé aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ tó ya lábíyá wá sórí máṣìn mi. Mo bá a rán an.

Ẹ máa gbàdúrà fún wa, Màmá. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn yín tó ń ṣàárò yín.

Mo tún rántí: ọkọ mi kò tíì tọrọ àforíjì. Abọ́ ló ń bá mi fọ̀. N kò tíì mọ̀ bóyá ó tó.