Ọmọ Tó Mọ Fóònù Kò Mọ Kọ̀ǹpútà

Ọláyídé ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Àwa tí a wà ní Omifunfun dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́, òjò sì ti ń jẹ́ kí kòkó wa so.

Ọ̀rọ̀ Ìyìnolúwa àbúrò rẹ ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ilé iṣẹ́ elépo kan ní Ore ń wá akọ̀wé, wọ́n sì ní kí ó wá tẹ kọ̀ǹpútà lójú wọn ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Mo ní iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn, nítorí àtàǹpàkò rẹ̀ lórí fóònù dà bí òjò lórí páànù. Ni mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ Àzíìzàt, tó ń bá èèyàn tẹ̀wé nítòsí gáréèjì, kí ó lọ dánra wò.

Ọmọ jókòó, ó ń fi ìka nu ojú ẹ̀rọ náà sókè sódò, ó ń retí kí ó ṣí. Àzíìzàt ní kì í ṣe fóònù. Ọmọ wá ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri bí adìẹ tó ń wá àgbàdo. Mo jẹ bọ́ọ̀lì kan tán kí ó tó kọ orúkọ ara rẹ̀.

Mo ní kí ó dìde. Ìwọ náà mọ̀ pé ọdún mọ́kànlá ni mo fi tẹ táípù ní kánsù. Mo gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé e, mi ò wo ọwọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń kí mi ní Bàbá o! Nígbà tí ìlà kìíní parí, mo taari tẹlifíṣọ̀n orí rẹ̀ sápá ọ̀tún bí a ṣe ń ṣe sí táípù kí ìlà kejì lè bẹ̀rẹ̀, ló bá kù díẹ̀ kó já lulẹ̀. Àzíìzàt fi Ọlọ́run bẹ̀ mí pé ìlà ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́ tán. Mo ń sún un díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí kò bá wò mí.

Ìwé ìròyìn ní àwọn ọ̀dọ́ ló ni ayé kọ̀ǹpútà. Mo ń bi ara mi pé, ṣé ẹni tó ń jẹun ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ ti mọ ọbẹ̀ sè nìyẹn? Àmọ́ n kò dá a lẹ́bi. Yàrá kọ̀ǹpútà wà nílé ẹ̀kọ́ wọn, àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi jáde.

Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo lẹ́tà sórí pákó bí wọ́n ṣe tò wọ́n sórí kọ̀ǹpútà. Ojoojúmọ́ ló ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́. Lánàá, ó tẹ odindi ìwé kan láìwo ọwọ́. Mo ní kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀, ó sì dá mi lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pákó kì í kọ ohun tí a tẹ̀ sí i.

Nítorí náà, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ránṣẹ́ kí Ọjọ́rú tó pé, kí ó fi yá ẹ̀rọ Àzíìzàt, kí ó dán an wò, kí àwa méjèèjì lè mọ̀. Rán an nípasẹ̀ dírẹ́bà. Èyí tó ń gba inú fóònù wá, mi ò mọ ibi tó ń sùn lọ́nà.

Olúwa yóò fi àṣeyọrí sí ìka rẹ, àti sí tirẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Elisha