Oúnjẹ Tó Bu Ò Ní Wọ Àgò Adìẹ Mi Mọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Aránṣọ ni mí, mo sì ń sin adìẹ mẹ́rìnlélógún lẹ́yìnkùlé. Ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Akọ́wé, ni mo ti ń ra oúnjẹ wọn, torí tirẹ̀ ló dínwó jù. Lóṣù tó kọjá, mo tú àpò kan, oúnjẹ inú rẹ̀ ti bu. Akọ́wé rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó wa, adìẹ ò mọ̀yẹn! Ẹ sá a sóòrùn." Mo gbọ́ràn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, márùn-ún ti kú, àwọn yòókù ò yé ẹyin mọ́.

Mo bá wá obìnrin kan tó ń lọ àgbàdo àti sóyà. Tirẹ̀ wọ́n díẹ̀, àmọ́ ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀ kí n tó sanwó. Adìẹ mi ti ń yé.

Ni ìyá ọkọ mi bá ní mo ń ba ọjà ọmọ àwọn jẹ́. Ọkọ mi ní, "Ṣáà máa ra díẹ̀ níbẹ̀, kí ilé lè tòrò." Mo ní rárá! Mo lè rán ṣòkòtò fún Akọ́wé lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ mi ò ní rajà ikú lọ́wọ́ ẹbí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, mi ò bèèrè bóyá kí n padà. Ẹ ṣáà fi sùúrù bá mi là á yé ìyá ọkọ mi. Wọ́n ti jókòó ti rédíò báyìí.